Ta Ni Odùduwà Bá Nílé?

Ẹ jókòó ná, ọ̀rọ̀ yìí á gùn. Ẹni tí dátà ẹ̀ bá ti fẹ́ tán, kó fi pamọ́ di alẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, a sin bàbá mi ní Ilé-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, àwọn mọ̀lẹ́bí pe ìpàdé sí pálọ̀ ńlá. Ọ̀rọ̀ ẹni tí á máa bójú tó ilé ni wọ́n fẹ́ sọ. Màmá mi wọlé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kí gbogbo àgbà, wọ́n fẹ́ jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá tó wà níbẹ̀ (mi ò ní dárúkọ, ẹ má bi mí) ní kí wọ́n dúró ná. Ó ní ọ̀rọ̀ onílé lèyí, pé àlejò kì í bá onílé jókòó pín ilé. Ó ní láti ìgbà Odùduwà làwọn ti wà lórí ilẹ̀ yìí.

Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ni màmá mi. Ẹni tó bá mọ̀ ti mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀, ẹ ní sùúrù, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Màmá mi ò fọhùn. Wọ́n tún gèlè dúdú orí wọn ṣe, wọ́n jáde, wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Ọdún 29 ni wọ́n fi jẹ́ ìyàwó ilé yẹn o. Èmi náà ò fọhùn. Èmi ọmọ ọdún 26, tí mo máa ń bá gbogbo ayé jà lórí ayélujára yìí, ẹnu mi wúwo bí ọlọ. Mo tẹjú mọ́ fóònù mi. Fóònù ọ̀hún ò tiẹ̀ tàn.

Mi ò kọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan ló ń yí lórí mi látọjọ́ náà: "láti ìgbà Odùduwà." Mo bá ní kí n lọ wo ìgbà Odùduwà yẹn fúnra mi. Ta ló wà níbẹ̀? Ta ló bá ta nílé?

Ìtàn tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Lámúrúdù jọba ní Mẹ́kà. Odùduwà ọmọ ẹ̀ padà sídìí òrìṣà, ìjà ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n pa Lámúrúdù, Odùduwà kó àwọn ènìyàn ẹ̀, wọ́n rìn títí wọ́n fi dé Ifẹ̀. Tán. Ní pámárì fọ́ọ̀, mo bi tíṣà wa pé omi wo ni wọ́n ń mu nínú aṣálẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kí n jókòó.

Bàbá mi gba Mẹ́kà gbọ́ dọ́jọ́ ikú wọn. Orí ìrẹsì ọjọ́ Sunday la ti máa ń jà á. Tí mo bá ní, "Ẹ̀rí dà, Daddy?", wọ́n á ní ṣé èmi wà níbẹ̀ ni. Tí mo bá ní ẹ̀yin náà ò sí níbẹ̀, màmá mi á ní kí àwa méjèèjì jẹun jàre, ọbẹ̀ ń tutù.

Ẹni tó kọ ìtàn yẹn sílẹ̀ tó fi tàn káàkiri ni Àlùfáà Samuel Johnson, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Sàró. Ó parí ìwé ńlá ẹ̀, The History of the Yorubas, ní 1897. Ìwé ọ̀hún sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ jáde. Johnson kú ní 1901. Àbúrò ẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílẹ̀, ó sì jáde ní 1921. Ẹ ronú ẹ̀ wò: ìwé tí gbogbo wa fi ń jà, díẹ̀ ló kù kó má sí láyé rárá.

Ṣùgbọ́n Johnson fúnra ẹ̀ ò gba Mẹ́kà yẹn gbọ́! Ó kọ ohun tí àwọn àgbà sọ fún un, ó wá sọ èrò tiẹ̀, pé kì í ṣe ilẹ̀ Lárúbáwá ni Yorùbá ti wá, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ apá òkè Íjíbítì tàbí Núbíà. Ṣáájú ẹ̀, Muhammad Bello, Súlútáànù Sókótó, ti kọ ọ́ pé ìran àwọn èèyàn Nímírọ́dù ni wá, Clapperton òyìnbó arìnrìn-àjò sì mú ọ̀rọ̀ náà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nímírọ́dù, Lámúrúdù. Ẹ pè é léraléra, ẹ ó gbọ́ bó ṣe jọra.

Ọ̀gá gbogbo wọn wá ni Leo Frobenius, ọmọ Jámánì tó dé Ifẹ̀ ní 1910. Ó rí àwọn orí alámọ̀ àti orí idẹ Olókun, ojú ẹ̀ là, ẹwà ọ̀hún pa á kú. Kí ló wá sọ? Pé èèyàn dúdú ò lè ṣe irú nǹkan báyìí. Ó ní àwọn Gíríìkì àtijọ́ láti Atlantis, ìlú tó rì sínú òkun, ló ti wá tẹ̀dó síbí rí. Kò fi ṣàwàdà o. Ìwé ló kọ.

Ohun tó ń bí mi nínú nínú gbogbo ẹ̀ nìyí: Sókótó gbé wa lọ sọ́dọ̀ Nímírọ́dù, Johnson gbé wa lọ Íjíbítì, Frobenius gbé wa lọ sínú omi. Kò sí ẹni tó dúró bi ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra ẹ̀ léèrè.

Nígbà tí ilẹ̀ wá sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ ketekete. Ní 1938, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin, ṣọ́ọ̀bù bá kan irin. Kì í ṣe irin, orí ènìyàn ni, bàbà àti idẹ, òmíràn tó bí orí tèmi tìrẹ, ojú gúngún, ètè pẹ́lẹ́bẹ́, ilà wínníwínní láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ ń tú ilẹ̀ ní Ìta Yemòó, wọ́n bá ère ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n wọṣọ bí ọba àti olorì, wọ́n kọ́ apá, wọ́n tún lọ́ ẹsẹ̀ mọ́ra wọn. Fótò ẹ̀ ló wà lójú fóònù mi báyìí. Mi ò tíì rí ère ọba àtijọ́ kankan tó jẹ́ pé bí àwọn tọkọtaya tó jọ ń ti ibi àríyá bọ̀ ni wọ́n ṣe dúró.

Nínú gbogbo ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ló wú mi lórí jù. Igbó kan wà ní Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Igbó Olókun. Awalẹ̀pìtàn ọmọ tiwa, Abidemi Babatunde Babalola, wa ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ ọ àti pàǹtírí iṣẹ́ lóríṣiríṣi. Àwọn onímọ̀ yẹ gíláàsì náà wò: àpòpọ̀ ẹ̀ ò jọ ti Yúróòpù, kò jọ ti Lárúbáwá. Ohun tó wà nílẹ̀ yí wọn ká ni wọ́n fi ṣe é. Láàárín sẹ́ńtúrì 11 sí 15 ni, kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ létí òkun wa. Nígbà tí mo ka èyí, ẹni tí mo kọ́kọ́ fẹ́ pè ni bàbá mi. Mo ti mú fóònù kí n tó rántí.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ọrùn lásán ni mò ń sọ o. Kí ni wọ́n fi ń ṣe adé ọba Yorùbá? Ìlẹ̀kẹ̀. Ìlú tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ ìlẹ̀kẹ̀, tí kò sì fi ọ̀nà ẹ̀ han ẹlòmíràn, òun ni yóò máa pinnu ẹni tó lè dé adé. Òwò àti ìjọba jọ ń sùn lórí ẹní kan náà ni.

Ó dáa. A ti gbà pé ará ibí ló kọ́ ibí. Àwọn wo gan-an ni ará ibí?

Níbí lọ̀rọ̀ ti dé ibi tó ń dùn mí. Ifẹ̀ kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo níbẹ̀rẹ̀. Ìtàn ẹnu àwọn ará Ifẹ̀ ò gbàgbé ìletò 13 tó wà níbẹ̀ kí Odùduwà tó gorí oyè. Ade Obayemi, awalẹ̀pìtàn, wà lára àwọn tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ìdẹ̀ta wà níbẹ̀, Ìlóràn, Ìjùgbẹ̀, Ìwìnrìn, Ìráyè, Òkè-Àwo, Parakin, àti àwọn yòókù. Ìletò kọ̀ọ̀kan ló ní olórí tiẹ̀, tó ní òrìṣà tiẹ̀. Ọbàtálá ní Ìdẹ̀ta, Ọbalọ́ràn ní Ìlóràn, Ọbawìnrìn ní Ìwìnrìn. Ẹ ṣàkíyèsí "ọba" tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn. Wọ́n mọra wọn, wọ́n ń fẹ́ra wọn, á sì ṣe díẹ̀ kí wọ́n máa jà. Ṣùgbọ́n kò sí adé kan tó bo gbogbo wọn.

Odùduwà ló wá bò wọ́n. Láti ibo? Ìtàn Ifẹ̀ fúnra ẹ̀ ò sọ Mẹ́kà. Òkè Ọ̀rà ló sọ, òkè kan tó wà ní ìlà-oòrùn ìlú. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Ẹ wá tún ìtàn ìṣẹ̀dá tí ẹ mọ̀ láti kékeré yẹn kà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ẹ kà á bí ẹni ń ka ìròyìn ìdìbò. Olódùmarè gbé iṣẹ́ dídá ayé lé Ọbàtálá lọ́wọ́. Ọbàtálá mu ẹmu lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ. Odùduwà mú àpò iyẹ̀pẹ̀ àti àkùkọ, ó fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ sílẹ̀, ó da iyẹ̀pẹ̀ sójú omi, àkùkọ tàn án, ilẹ̀ fẹ̀. Ọbàtálá jí, ó ti bọ́ sórí.

Ta ló sọ ìtàn yẹn? Kì í ṣe ẹni tó sùn. Ẹni tí wọ́n bá nílé ni Ọbàtálá, òun niṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìtàn ọ̀hún ò sì lè sẹ́ ẹ. Ohun tó lè ṣe ò ju kó ní "ó mutí yó" lọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó yé mi, torí mo ti gbọ́ irú ẹ̀ nínú ìjà ilẹ̀ mọ̀lẹ́bí rí. Lóòótọ́ bàbá wọn ló kọ́kọ́ dé o, ṣùgbọ́n ọ̀mùtí ni.

Kì í ṣe pé wọ́n gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀ kó wá dákẹ́ síbẹ̀. Ìjà ńlá ni. Wọ́n lé Ọbàtálá àtàwọn ènìyàn ẹ̀ kúrò láàárín ìlú, wọ́n lọ tẹ̀dó sí Ìdẹ̀ta-Oko. Lẹ́yìn náà ni wọ́n parí ìjà, ó padà wọlé. Títí dòní, ọdún Ìtàpá tí wọ́n ń ṣe fún Ọbàtálá ní Ifẹ̀, ìrántí lílọ yẹn àti bíbọ̀ yẹn ni. Wọ́n á ṣe ọ̀fọ̀ ẹ̀, wọ́n á tún ṣe ayọ̀ ẹ̀. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn ń wọ̀.

Mọremí náà ńkọ́? Ìtàn ẹ̀ tí a fi ń ṣeré nílé ìwé ni pé àwọn Ìgbò (kì í ṣe Igbo ìlà-oòrùn o, ẹ má dá wàhálà sílẹ̀ fún mi) ń wọ̀lú, wọ́n ń kó wọn lẹ́rú, wọ́n fi kókò àti imọ̀ bora bí iwin. Mọremí jẹ́ kí wọ́n mú òun, ó mọ àṣírí wọn, ó sá padà wá sọ pé kí wọ́n fi iná lé wọn. Ó wá fi Olúorogbo, ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo, san ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn. Ọdún Ẹdì ni wọ́n fi ń rántí ẹ̀, wọ́n sì gbé ère gàgàrà fún un ní 2016. Ohun tí wọn ò sọ fún wa nílé ìwé ni ohun tí àwọn onímọ̀ ìtàn kan gbà: pé àwọn Ìgbò yẹn kì í ṣe àjòjì láti ibì kankan. Àwọn tí wọ́n lé sínú igbó ni wọ́n. Onílé ló ń padà wá jà fún ilé.

Mo ka ìyẹn lóru, mo pa fóònù, mo tún tan án.

Ìyókù ìtàn ìjọba ọ̀hún, bí wọ́n ṣe wá jọ gbé ni. Kò pẹ́ tí ìjà tún bẹ́ láàárín ilé alágbára fúnra wọn: Ọbalùfọ̀n Aláyémọrẹ wà lórí oyè, Ọ̀rànmíyàn dé láti ìrìnàjò, ó lé e. Nígbà tó yá, Ọbalùfọ̀n padà sórí ìtẹ́. Bójú bàbà tí wọ́n fi sọrí ẹ̀ wà di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ asúdẹ á sọ fún yín pé bàbà pọ́ńbélé ò fẹ́ ṣàn sínú àwọ̀ rárá. Ti Ọ̀rànmíyàn ni ọ̀pá òkúta tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, tí wọ́n gbá ìṣó irin mọ́ lára. Ọbabìnrin náà jẹ níbẹ̀: Lúwòó, tí wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun, tó fi ní kí wọ́n to àpáàdì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí òun máa rìn lórí ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìyá náà gbajúmọ̀. Àpáàdì ọ̀hún ṣì ń yọ lábẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀ bí òjò bá wẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìjọba ṣe rí lẹ́yìn ìjà, torí òun ni mo torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọọ̀ni ò dá nìkan ṣe é. Àwọn ìjòyè pín sí ọ̀nà méjì: àwọn Ihàrẹ, tí Ọbalúfẹ̀ tó tún ń jẹ́ Ọ̀rúntọ́ ń ṣíwájú wọn, ìgboro ló wà lábẹ́ wọn, àti àwọn ti inú ààfin, tí Lọ́wá ń ṣíwájú wọn. Ìlú pín sí àdúgbò: Ìlódè, Ìrẹ̀mọ, Mọ̀ọ̀rẹ̀, Òkèrèwè, Ìlàrè. Ta wá ni olórí Ìlódè? Ọbalọ́ràn. Ẹ padà sókè lọ wo ibi tí mo ti kọ orúkọ yẹn. Olórí ìletò Ìlóràn, ti ìgbà tí Odùduwà ò tíì jọba. Wọn ò pa oyè náà rẹ́. Wọ́n gbé àga fún un nínú ìjọba tuntun, ó jókòó. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún Ọbàtálá náà nìyẹn, wọ́n fi ojúbọ ẹ̀, àwòrò ẹ̀ àti ọdún ẹ̀ sílẹ̀ fún un láàárín ìlú tí wọ́n ti lé e rí.

Mi ò sọ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn o. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Ẹni tó ṣẹ́gun rí i pé òun ò lè sun oorun àsùnwọra tí onílé bá wà nínú igbó.

Ó yá, Mọdákẹ́kẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń dúró dè mí níbí pẹ̀lú òkò. Ẹ rọra.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú láwọn ọdún 1830, àwọn ènìyàn sá wá sí gúúsù, ọ̀pọ̀ wọn dé Ifẹ̀. Ifẹ̀ gbà wọ́n. Wọ́n ń gbé nínú agbo ilé àwọn ará ìlú, wọ́n ń bá wọn ṣe oko, wọ́n ń bá wọn jagun, àwọn kan nínú wọn sì jìyà. Ní nǹkan bí 1847, Ọọ̀ni Abéwéìlá fún wọn nílẹ̀ tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú, níbi tí wọ́n ní ẹyẹ àkọ̀ ti ń ké lórí igi, igbe ẹyẹ ọ̀hún ni wọ́n ní ó di orúkọ. Ọdún méjì péré, ogun bẹ́ ní 1849. Ifẹ̀ tú, àwọn ará ìlú sá lọ sí Ìsọ̀yà, ọdún mélòó kan kí wọ́n tó padà. Ìgbà tó kan Mọdákẹ́kẹ́, ìjọba tú wọn ká ní 1909, ó di 1922 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣákọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, 1981. Lẹ́yìn ìyẹn, 1997, nítorí ibi tí olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ yóò wà. Ó di 2000 kó tó rọlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé ta ló jẹ̀bi, mi ò ní dáhùn. Bàbá bàbá mi sá ní 1997, ìyá ìyá mi sá ní 1997. Ọ̀nà ni wọn ò jọ gbà.

Àwọn òbí mi ti ṣègbéyàwó ní 1995. Nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀, nílé bàbá mi wọ́n ní ọ̀tá ló fẹ́, nílé màmá mi wọ́n ní ọ̀tá ló fẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó kòkó ni wọ́n wọ̀ lóru lọ sí Ìbàdàn, pẹ̀lú báàgì méjì àti ìkòkò kan. Màmá mi ṣì ní ìkòkò yẹn. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí ní 1998, ìdí nìyẹn tí èmi ọmọ Ifẹ̀, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, fi ń sọ "ṣé o ti jẹun sẹ́" bí ará Òkè-Àdó.

Ní oṣù January, mo padà lọ sí Ifẹ̀ lọ kí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Wọ́n ti lé ní ọdún 85. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, àwọn nìkan ló fi ọ̀pá jáde, wọ́n lọ jókòó ti màmá mi lórí bẹ́ǹṣì. Wọn ò bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn jókòó tì wọ́n títí ìpàdé fi tú. (Èdè Ifẹ̀ gidi ni Ìyá Àgbà ń sọ, mo ti yí i sí èyí tí gbogbo yín á gbọ́. Ẹ ṣẹ́ adùn ẹ̀ kù fún mi.)

Mo ní, "Ìyá Àgbà, gbogbo ẹnu lẹ ní nínú ilé yìí. Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Wọ́n ń bó obì lọ ní tiwọn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "O ní o ń kàwé Ifẹ̀. Ta ni Odùduwà bá níbí?"

Mo ní, "Ọbàtálá, mà."

"Ta ni mò ń sìn?"

Mo wo aṣọ ara wọn. Funfun ni. Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò rí wọn nínú aṣọ mìíràn rí, mo kàn rò pé àṣà àwọn arúgbó ni. Ìwé tí mo ti ń kà lóru láti oṣù mẹ́ta, ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló jókòó síwájú mi tó ń bó obì.

Wọ́n ní, "Bó bá jẹ́ ti onílé là ń sọ, àwa ni wọ́n bá nílé. Ẹni tó lé ìyá ẹ jáde yẹn, ìdí Odùduwà ló ní òun dì mú. Àwa la fún Odùduwà láyè. Ó pẹ́ kó tó dùn wá nínú láti fún un, ṣùgbọ́n a fún un." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Lọ́dọọdún la sì ń rán wọn létí."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ èyí fún bàbá ọ̀hún lójú ìpàdé. Wọ́n ní òkú ọmọ àwọn ò tíì tutù nínú ilẹ̀, àwọn ò ráyè ìtàn. Wọ́n ní ẹni tó ń sunkún nídìí igi làwọn rí, ibẹ̀ làwọn lọ.

Mi ò mọ̀ pé màmá mi ń sunkún lọ́jọ́ yẹn. Fóònù ni mò ń wò.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Ìyá Àgbà wọ yàrá, wọ́n gbé aṣọ funfun kan jáde, ọ̀pá mẹ́wàá, tí wọ́n fi bébà ìròyìn wé. Wọ́n ní kí n gbé e fún ìyá mi. Wọ́n ní Ìtàpá tó ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ àwọn ni kó dúró sí.

Mo gbé e dé Ìbàdàn. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, láti Òkè Ọ̀rà dé Ìdẹ̀ta-Oko, mo sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Màmá mi gbọ́ ọ títí. Sọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọdún òrìṣà á le díẹ̀. Wọ́n ń fọwọ́ pa aṣọ náà. Mo wá ní, "Mummy, ẹ má bínú. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo?"

A jọ mọ ọjọ́ tí mò ń wí. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn yọ ẹran lórí iná.

Ìrántí ọdún kan bàbá mi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n tún ti pe ìpàdé, pálọ̀ ńlá kan náà, aago mẹ́wàá àárọ̀. Lánàá, màmá mi pè mí sí yàrá, wọ́n ti ya aṣọ yẹn sí méjì. Ìdajì, wọ́n ní kí n gbé lọ sọ́dọ̀ télọ̀ wọn ní Mọ́kọ́lá, kó rán bùbá àti ìró, kó má fún wọn ní apá púpọ̀. Ìdajì kejì, wọ́n ní kí télọ̀ wọn èmi.

Ó ní á yá ní Ọjọ́rú.